Bí A Ṣe Ń Kan Bọ̀lẹ̀kájà Kékeré: Ìtọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ràn Àwòṣe Lọ́rì

Kí ẹ tó mú ọ̀bẹ tàbí gúlù lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: ọdún wo ni lọ́rì tí ẹ fẹ́ ṣe yìí ń rìn, ọ̀nà wo ló ń ná, kí ló sì rù? Mo ti rí ọ̀pọ̀ àwòṣe ọkọ̀ tí ó dán gbinrin, tí gbogbo oríkèé rẹ̀ ṣe déédéé, síbẹ̀ tí kò jọ ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni wà rí, nítorí pé ẹni tó ṣe é kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè wọ̀nyí. Gbogbo ohun tó wà lára lọ́rì gidi ló ní ohun tó fà á, ìbáà jẹ́ pákó tó ṣẹ́, ọ̀dà tó bó, tàbí sípíríǹgì tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá ti mọ ìtàn ọkọ̀ náà, ìtàn yẹn ni yóò máa sọ fún yín ibi tí ẹ ó fi ọwọ́ kàn àti ibi tí ẹ ó fi sílẹ̀.

Bọ̀lẹ̀kájà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìtọ́nà yìí, ìyẹn lọ́rì Bedford onímú tí àwọn káfíńtà wa fi pákó kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe Bedford, oríṣi tí wọ́n sì ń pè ní TJ jáde ní 1958. Iwájú àti ṣásíì ni wọ́n sábà máa ń kó wọ̀lú. Ẹ̀yìn onípákó, àga gbọọrọ inú rẹ̀ àti òrùlé rẹ̀ di iṣẹ́ ọwọ́ àwọn káfíńtà ilé. Lọ́rì tèmi ń rìn ní 1970, ó ń ná ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn gba Gbọ̀ngán àti Ìkirè, ó sì ń ya sí àwọn ọ̀nà oko láti kó kòkó. Ẹ wo bí ìdáhùn yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀: ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì, tí ó bọ́ sí apá ọ̀tún títì. Nítorí pé apá òsì títì ni wọ́n ṣì ń wà ní 1970, apá ọ̀tún ni sítíárìn lọ́rì mi gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá fi í sí apá òsì ti ṣe àṣìṣe tí àgbà awakọ̀ kan yóò rí kí ó tó jókòó.

Bí ẹ kò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ẹ má fi bọ̀lẹ̀kájà bẹ̀rẹ̀. Àwọn àwòṣe inú páálí wà lọ́jà: Italeri ti Ítálì àti Revell máa ń ṣe àwọn tírélà ilẹ̀ Yúróòpù ní ìwọ̀n 1:24, AMT ti Amẹ́ríkà sì ń ṣe Peterbilt àti Kenworth ní 1:25. Ẹ ra ọ̀kan, kí ẹ tò ó gẹ́gẹ́ bí ìwé inú rẹ̀ ṣe wí láìfi nǹkan kan kún un. Níbẹ̀ ni ọwọ́ yín yóò ti mọ bí ike ṣe ń gé, bí gúlù ṣe ń ṣàn wọ inú ojú ìpàdé, àti iye wákàtí tí ọ̀dà fi ń gbẹ. Ẹ má sì ju àwọn ègé tó bá ṣẹ́kù nù, nítorí pé táyà, ọ̀pá ásù àti iná iwájú inú páálí yẹn lè wúlò fún Bedford yín lọ́la.

Ìwọ̀n àti ìṣirò

Ìwọ̀n 1:24 túmọ̀ sí pé mílímítà kan lára àwòṣe dúró fún mílímítà 24 lára ọkọ̀ gidi. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì wọn nǹkan ni ìwọ̀n yìí rọrùn fún jù, torí pé ìdajì ínṣì ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Lọ́rì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ yóò fẹ̀ ní ínṣì mẹ́rin lórí tábìlì yín, ènìyàn tó sì ga ní mítà 1.70 yóò di mílímítà 71.

Kò sí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ rí Bedford gidi kí ẹ tó mọ bí ó ṣe gùn tó. Fọ́tò kan tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́, tí ẹni tó yà á dúró jìnnà díẹ̀, ti tó. Ohun tí ẹ ó wá nínú rẹ̀ ni nǹkan kan tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ dájú, táyà ló sì sábà máa ń dára jù. Táyà 8.25-20, tó wọ́pọ̀ lára irú lọ́rì bẹ́ẹ̀, ga tó nǹkan bí mílímítà 970. Ká ní ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n nínú fọ́tò, tí ó sì jẹ́ mílímítà 20. Ẹ fi 20 pín 970, ẹ ó rí 48.5. Ìyẹn ni pé mílímítà kọ̀ọ̀kan nínú fọ́tò yẹn jẹ́ 48.5 lójú títì. Bí àárín táyà iwájú sí àárín táyà ẹ̀yìn bá wá jẹ́ 82 nínú fọ́tò, ó di 3,977 lára ọkọ̀ gidi. Ẹ fi 24 pín in, ẹ ó ní mílímítà 166 tí kò pé tán. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gíga, fún imú, fún ilẹ̀kùn, kí ẹ sì ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé ní ìwọ̀n tí àwòṣe yóò jẹ́ gan-an. Ìwé yẹn ni ọ̀gá yín títí iṣẹ́ yóò fi parí. A ó máa gbé ègé kọ̀ọ̀kan lé e lórí bí télọ̀ ṣe ń gbé aṣọ lé bébà tó fi gé e.

Irin iṣẹ́ kò pọ̀. Ọ̀bẹ olójú bíléèdì, rúlà onírin, ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó, sáńpépà láti 240 dé 1000, ayùn kékeré, ìlu tí a fi ń dá ihò wẹ́wẹ́ àti ìdì pẹ́ẹ̀gì aṣọ kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Gúlù ni ó yẹ kí ẹ mọ̀ yàtọ̀ síra. Gúlù olómi ti àwọn aláwòṣe máa ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan, ṣùgbọ́n irú ike kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí dáadáa, èyí tí nọ́ńbà 6 máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú àmì onígun mẹ́ta. Ike pẹlẹbẹ funfun tí àwọn tó ń ṣe pátákó ìpolówó ń lò kì í ṣe irú rẹ̀, gúlù yẹn kò sì lè mú un. Súpà gúlù ni ẹ ó lò fún ìyẹn. Ti pákó ni gúlù funfun àwọn káfíńtà. Ẹ ṣí fèrèsé nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń lo gúlù olómi tàbí sípíréè, kí ẹ sì fi ìbòmú bo imú nígbà tí ẹ bá ń fi sáńpépà yun nǹkan.

Ṣásíì àti sípíríǹgì

Irin gbọọrọ méjì tí ẹnu wọn kọjú síra ni ṣásíì lọ́rì. Ẹ lè rí ike tí wọ́n ti gé sí irú àwòrán yẹn rà, àwọn Evergreen ní Amẹ́ríkà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe é: ègé kan tó fẹ̀ ní mílímítà mẹ́jọ fún ẹ̀yìn, ègé méjì tó fẹ̀ ní méjì ààbọ̀ fún òkè àti ìsàlẹ̀. Orí dígí ni kí ẹ ti tò ó, kí ó má baà lọ́. Dígí kì í parọ́ bí tábìlì. Nígbà tí táyà bá ti wọlé, ẹ gbé e sórí dígí náà padà, kí ẹ sì fi ìka kan te igun kọ̀ọ̀kan. Bí táyà kan bá ń fò sókè, ẹ tú u nísinsìnyí, nítorí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti kan pákó lé e, kò sí àtúnṣe mọ́.

Sípíríǹgì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbójú fò, òun gan-an ló sì ń sọ bóyá ọkọ̀ ru ẹrù tàbí kò rù. Lọ́rì òfìfo máa ń gbé ìdí sókè, sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun. Bí kòkó bá ti kún inú rẹ̀, sípíríǹgì náà á tẹ́, ìdí á sì bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí ọkọ̀ rù kí ẹ tó lẹ sípíríǹgì mọ́ ṣásíì. Àwọn tó fi í sílẹ̀ títí di ìgbẹ̀yìn ni ẹ máa ń rí tí wọ́n kó àpò gègèrè sẹ́yìn ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ṣì wà lókè réré. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ni mo fi ń ṣe é. Bébà líle yẹn nípọn tó bí ìdá mẹ́ta mílímítà kan, ìyẹn mílímítà mẹ́jọ lára ọkọ̀ gidi, ó sì sún mọ́ bí ewé sípíríǹgì kan ṣe nípọn. Ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrú ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ, ẹ fi gúlù lẹ wọ́n pọ̀, kí ẹ sì so wọ́n mọ́ ara igò títí wọn yóò fi gbẹ, bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tẹ̀. Ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ ó fi dè é láàárín.

Táyà tó ru ẹrù kì í yípo délẹ̀. Ẹ fi sáńpépà yun ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kò gbọdọ̀ ju mílímítà kan lọ, kí ó lè fi ìdí lélẹ̀. Ẹ̀yìn ní táyà méjì-méjì lápá kọ̀ọ̀kan, aláwọ̀ eérú tó ṣókùnkùn ni kí ẹ sì kùn wọ́n. Táyà tó dúdú bí èédú ọ̀sán gangan kò sí lójú títì wa.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣe é, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Oṣù kan tí ẹ bá lò lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rí, ẹ lo ó fún pákó.

Iwájú ọkọ̀

Imú Bedford ní ìkọ́rọ̀kọ́rọ̀ tí ike pẹlẹbẹ kò lè ṣe, nítorí náà àfi kí a gbẹ́ ẹ kí a sì yọ́ ike lé e. Igi ọmọ̀, tí àwọn onílù fi ń gbẹ́ ìlù, rọrùn fún iṣẹ́ yìí gan-an, nítorí ó fúyẹ́, kò sì le lójú ọ̀bẹ. Ẹ pín iwájú náà sí ègé: bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, ìbòrí táyà lọ́tọ̀, òrùlé àti ẹ̀yìn ilé awakọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó kéré ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ, ní ìwọ̀n bí ike yín ṣe nípọn, torí pé ike náà ni yóò ṣe ìyókù. Ẹ fi sáńpépà dán an, ẹ fi fáńíìṣì pa á, ẹ tún un dán. Ìlà ọ̀bẹ tó bá kù lára igi yóò hàn lára ike.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ihò sára pákó pẹlẹbẹ kan tí ó jọ ẹsẹ̀ igi tí ẹ gbẹ́, kí ó sì fi nǹkan bíi mílímítà méjì fẹ̀ jù ú lọ yíká. Ẹ kan ike tó nípọn ní mílímítà kan ààbọ̀ mọ́ ojú pákó náà, kí ẹ sì gbé e sókè sítóòfù iná mànàmáná, kí ó má kàn án. Kò ní pẹ́ tí àárín ike náà yóò fi máa wọ̀ sílẹ̀ bí ibùsùn onítìmùtìmù tí ẹni tó sanra jókòó lé. Àkókò nìyẹn. Ẹ gbé igi sórí tábìlì, kí ẹ tẹ ike náà lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìṣiyèméjì, kí ẹ sì dì í mú títí yóò fi tutù. Bí ike bá rú èéfín, iná ti pọ̀ jù, ẹ gbé e kúrò kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ ṣètò ike tó lè tó ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, nítorí àkọ́kọ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dára. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tèmi di ti ẹ̀ẹ̀karùn-ún kí ó tó ṣeé wò.

Ojú ìpàdé àwọn ègé wọ̀nyí ni bọ́dì fílà wà fún, irú èyí tí àwọn panẹbítà ń lò, ṣùgbọ́n fífẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi í, kí ẹ sì yun ún kúrò títí yóò fi ku inú ojú ìpàdé nìkan. Fún iná iwájú, ẹ dá ihò, ẹ tẹ́ fọ́ìlì sínú rẹ̀, kí ẹ sì kán gúlù funfun lé e. Bí ó bá gbẹ, á mọ́ gaara bí dígí. Ike tó wà lójú páálí ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ló dára jù fún dígí ọkọ̀. Ẹ má fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ojú dígí ti funfun bí ẹni pé ọyẹ́ bò ó, nítorí èéfín súpà gúlù máa ń lẹ̀ mọ́ ike tó mọ́ gaara. Ti káfíńtà ni kí ẹ lò.

Iṣẹ́ pákó

Ibí yìí ni bọ̀lẹ̀kájà ti ń di bọ̀lẹ̀kájà, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má kánjú. Arère ni pákó tí mo ń lò. Igi yìí kan náà ni àwọn aláwòṣe òkè òkun ń rà lábẹ́ orúkọ obeche, tí wọ́n ń sanwó gidi lé lórí, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ lè rí ìfọ́wẹ́wẹ́ rẹ̀ he nílé ìlàgi. Ó fúyẹ́, ó funfun bí wàrà tí ó pọ́n díẹ̀, ó sì ń gbọ́rọ̀ sí ọ̀bẹ lẹ́nu. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ihò wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀, èyí tí yóò dàbí kòtò lára àwòṣe. Ẹ yan ibi tí ojú rẹ̀ ti dákẹ́ jù, kí ẹ sì fi fáńíìṣì tó ṣàn pa ibi tí ẹ bá máa kùn.

Pákó ínṣì méjìlá tó nípọn ní ínṣì kan, tí káfíńtà máa ń lò, di ohun tó fẹ̀ ní mílímítà 12.7 tó sì nípọn ní mílímítà kan péré. Ẹni tó bá fi igi tó nípọn ní mẹ́ta kan ẹ̀gbẹ́ lọ́rì ti fi pákó ínṣì mẹ́ta kan án, ìyẹn ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ fá arère náà títí yóò fi fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tẹ̀ lé ètò tí káfíńtà gidi ń tẹ̀ lé. Igi gbọọrọ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tẹ́ lé ṣásíì, kí irin má baà jẹ pákó. Igi ìdábùú yóò gun orí wọn, èyí tí a lè fi mílímítà 21 sí àárín wọn, tó dúró fún ìdajì mítà. Ilẹ̀ ọkọ̀ yóò wá tẹ̀ lé e, pákó kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹ sì fi àlàfo tí bébà kan lè wọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn, nítorí pákó tútù tí wọ́n kàn ti gbẹ lójú oòrùn. Òpó ẹ̀gbẹ́ ni yóò dúró lé ìdí igi ìdábùú, pákó ẹ̀gbẹ́ á wà nínú òpó, òrùlé á sì gun orí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó to àga gbọọrọ sínú rẹ̀. Àwọn àga yìí kò ní ìfẹ̀yìntì, wọ́n sún mọ́ra débi pé orúnkún ẹnìkan á kan ti ẹnìkejì; ẹ rántí ìtumọ̀ orúkọ ọkọ̀ náà, kí ẹ má fi àyè ìtura sílẹ̀. Mílímítà 18 láti ilẹ̀ sí orí àga ti tó.

Ìṣó ni àṣírí iṣẹ́ yìí. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ gún pákó níbi tí ó ti pàdé òpó, méjì-méjì, kí ẹ má fi rúlà tò wọ́n gún régé jù, torí pé òòlù ni káfíńtà lò. Ẹ kán ọ̀dà dúdú tó fẹ́lẹ́ sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Orí bóòtù tó tóbi ni ẹ ó fi ike ṣe: ẹ gbé ọ̀pá ike tó ṣẹ́kù nínú páálí àwòṣe sókè iná àbẹ́là, ẹ yí i bí ó ti ń rọ̀, ẹ fà á lápá méjèèjì, yóò gùn bí okùn, ẹ ó sì máa gé e ní wẹ́wẹ́ bí ẹni gé ilá.

Bí ẹ bá fẹ́ kí pákó tí a kò kùn rí bí èyí tí òjò àti oòrùn ti nà fún ọdún mélòó kan, ẹ ki ìfọ̀kòkò onírin sínú ọtí kíkan kí ó sùn mọ́jú. Ẹ kọ́kọ́ fi tíì tó le kun pákó, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó fi omi ọtí kíkan yẹn kùn ún. Arère nìkan kò ní tánìn, ohun kíkorò inú tíì àti inú àwọn igi kan, tó pọ̀ tó, ìyẹn ni tíì ṣe ń ràn án lọ́wọ́. Láàárín wákàtí kan yóò di aláwọ̀ eérú. Orí ègé tí ẹ kò lò ni kí ẹ ti dán an wò.

Ọ̀dà àti ọ̀rọ̀ iwájú ọkọ̀

Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ike, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú sí i. Òun ni yóò tú àṣírí gbogbo ibi tí sáńpépà kò dé. Ọ̀dà gidi gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta tó fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó ki lọ. Ẹ fi funfun díẹ̀ là á, torí àwọ̀ tó yẹ ọkọ̀ ńlá máa ń ṣókùnkùn jù lára ohun kékeré, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó dán bí awo tuntun.

Pátákó tó wà lókè orí awakọ̀ ni ojú ọkọ̀ yìí. Ẹ kọ ohun tí onílọ́rì lè kọ: ẹsẹ Bíbélì, òwe, oríkì, tàbí ọ̀rọ̀ tí ó fi ń dá ọ̀tá lóhùn. Lẹ́tà tó ga ní mílímítà mẹ́jọ bá a mu, pẹ̀lú òjìji ní ẹ̀gbẹ́ òsì àti ìsàlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn akọ̀wé pátákó kì í fi àmì ohùn sí Yorùbá wọn, wọn kì í sì í fi àmì sábẹ́ ọ̀rọ̀, nítorí náà, bí ó tilẹ̀ dun èmi tí mò ń kọ èyí, ẹ yọ àmì kúrò. Bí ọwọ́ yín kò bá dúró, ẹ ṣe é sórí kọ̀ǹpútà kí àwọn atẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó wọ́ díẹ̀ láti ọwọ́ ènìyàn ní ohun tí ẹ̀rọ kò ní. Nọ́ńbà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá ọdún mu; irú KJA 123 AA tí a ń rí báyìí dé ní 2011, kò sì lè wà lára lọ́rì 1970. Ẹ wo fọ́tò ìgbà náà kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ìgbà tí ọkọ̀ ti rìn

Ẹni tó ń ba àwòṣe jẹ́ kí ó lè dàgbà máa ń fẹ́ bà á jẹ́ níbi gbogbo. Ẹ padà sí ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ibi tí kọ́ńdọ́ ń dìrọ̀ mọ́ lẹ́yìn ni ọ̀dà yóò ti bó dé igi. Ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, níbi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ máa ń wà, yóò dán. Ibi tí okùn ti ń yun òrùlé yóò ní ojú okùn. Epo yóò ti ṣàn wálẹ̀ lẹ́bàá ẹnu táńkì. Òrùlé awakọ̀, tí ẹnìkan kì í fọwọ́ kàn, kò ní ìdí láti bó, oòrùn nìkan ló ń ṣá a.

Fún ọ̀dà tó bó lára irin, ẹ kun àwọ̀ ìpẹtà, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, ẹ fín sípíréè irun sí i lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá fi ọ̀dà olómi ti ara ọkọ̀ kùn ún. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó tutù máa fọwọ́ bà á jẹ́jẹ́. Sípíréè ìsàlẹ̀ á yọ́, ọ̀dà òkè á sì máa bó ní wẹ́wẹ́ bí ti ọkọ̀ gidi. Ẹ dúró nígbà tí ẹ bá rò pé ó ku díẹ̀.

Eruku ọ̀nà oko kì í ṣe ohun tí à ń rà. Ẹ bu yangí pupa, ẹ gún un, kí ẹ fi aṣọ tó fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí iyẹ̀pẹ̀ lásán yóò dàbí òkúta ní ìwọ̀n yìí. Ẹ pò ó mọ́ omi àti fáńíìṣì tí kì í dán, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ta á sẹ́yìn táyà, sábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ àti sísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́. Èyí tó gbẹ ni ẹ ó fẹ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti àlàfo pákó. Lójú dígí iwájú, ẹ fi bébà tí ẹ gé bí ọ̀nà tí wáípà ń gbà bò ó kí eruku tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ojú tí awakọ̀ fi ń ríran yóò mọ́.

Àpò kòkó ni ẹ ó fi amọ̀ tó ń gbẹ fúnra rẹ̀ mọ, bíi mílímítà 40 ní gígùn àti 25 ní ìbú, kí ẹ fi aṣọ tẹ ojú rẹ̀ kí ó lè ní ìhun. Kí ó tó gbẹ ni kí ẹ ti tò wọ́n léra, nítorí èyí tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ lábẹ́ ìnira àwọn tòkè. Okùn ìránṣọ tí ẹ fi ìda oyin pa ni okùn ẹrù, ìda náà kò sì ní jẹ́ kí irun okùn hàn.

Ohun tó kẹ́yìn ni igi ìdínà, ègé igi onígun mẹ́ta tí mọ́tò bọ́ì máa ń sáré fi há ẹ̀yìn táyà bí lọ́rì bá dúró lórí òkè. Ẹ gbẹ́ ẹ kí ó gùn ní mílímítà 12, ẹ lu ojú rẹ̀ kan kí ó fọ́ díẹ̀ níbi tí táyà ti máa ń gùn ún, ẹ fi epo dúdú díẹ̀ nu ibi tí ọwọ́ ń dì mú, kí ẹ sì fi okùn tó kúrú gbé e kọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ lápá òsì, níbi tí ọwọ́ ẹni tó dìrọ̀ mọ́ ọn yóò ti tó o.